Ọ̀dà Ló Ń Kẹ́yìn

Bàbá Bíríkìlà kò gun àkàsọ̀. Ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúláàtì náà ti mú kọ́kọ́rọ́ dání, ó ti fẹ́ máa ṣáájú wa lọ, ṣùgbọ́n bàbá fi ọwọ́ dá a dúró. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ilé yí lọ sẹ́yìn, wọ́n gbójú sókè, wọ́n sì dákẹ́.

“Ẹ jẹ́ á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ná,” ni wọ́n wí nígbà tó yá. “Inú ilé lè parọ́, torí wọ́n á ti kùn ún kí àlejò tó dé. Ta ló ń fi owó ọ̀dà ṣòfò sí ẹ̀yìn ilé?”

FESTAC ní Èkó ni a wà, ní òpópó kékeré kan tó yà lára Second Avenue. Ìjọba àpapọ̀ ló kọ́ ìlú yìí fún àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú tó wáyé ní oṣù kìíní sí oṣù kejì ọdún 1977; nígbà tí àjọ̀dún parí, àwọn ará ìlú ló kó sínú àwọn ilé náà. Ẹni tó bá gba fúláàtì níbẹ̀ lónìí, ì báà rà á, ì báà háyà rẹ̀, ilé tó ti ń lọ sí 50 ọdún ló gbà. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, omi kò sì jìnnà sí i. Bó ti wù kí ọ̀dà ara ògiri jẹ́ tuntun tó, páìpù tó wà nínú ògiri náà lè dàgbà ju púlọ́ńbà tó fẹ́ tún un ṣe lọ.

Ohun tí bàbá rí lẹ́yìn ilé ni ìlà dúdú kan tó ti bu, tó ní àwọ̀ ewé lára. Ó bẹ̀rẹ̀ níbi tí páìpù ìgbọ̀nsẹ̀ òkè ti yọ lára ògiri, ó sì ṣàn wá sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé fúláàtì tí a wá wò. Oṣù kejì ọdún ni, ọ̀gbẹlẹ̀ ṣì mú dáadáa. “Bí ògiri bá tutù nígbà òjò, a lè dá òjò lẹ́bi,” ni bàbá wí. “Bó bá tutù nínú ọ̀gbẹlẹ̀, èèyàn ló fà á.”

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibi tí ògiri ti sán. Aláǹgbá kan yọ jáde nínú ọ̀kan lóòótọ́, kò sẹ́ni tó nílò kí wọ́n pa òwe rẹ̀ fún òun. Bàbá kò ka gbogbo rẹ̀ sí bákan náà. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tí èékánná kò lè wọ̀, tó kàn rìn gátagàta lójú ìrẹ́, wọn kò tilẹ̀ dúró wò ó: símẹ́ǹtì ló pọ̀ jù, tàbí kó jẹ́ oòrùn ló tètè gbẹ ẹ́. Ọ̀kan wà tó fì láti igun fèrèsé lọ sókè. “Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ẹnu rẹ̀ méjèèjì, ẹ kọ déètì sí i. Bó bá kọjá ìlà yẹn láàárín oṣù mélòó kan, ilé náà ń rìn nìyẹn. Ẹ má pe èmi o, ẹ pe ẹnjiníà.”

Ẹ̀kẹta ló mú kí wọ́n bọ́ fìlà. Lábẹ́ bíìmù kan, kọ́ńkéré ti bó, irin ti yọ síta, ó ti pupa rúsúrúsú. Irin tó bá dípẹtà nínú kọ́ńkéré máa ń wú, wíwú yẹn ló sì ń ti kọ́ńkéré já bọ́. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti rọ símẹ́ǹtì dí irú ojú bẹ́ẹ̀, tí wọ́n kùn ún, tó sì dùn ún wò, ṣùgbọ́n ìpẹtà ń bá iṣẹ́ tiẹ̀ lọ nínú ibẹ̀. Kí wọ́n tó dí i, ó yẹ kí wọ́n gbẹ́ ẹ títí wọn yóò fi kan irin tó ṣì le, kí wọ́n ha ìpẹtà kúrò, kí wọ́n fi ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà pa á, kí wọ́n tó wá dí i. Bó bá sì ti jẹ irin náà débi pé ó ti tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnjiníà ló kàn, kì í ṣe bíríkìlà.

Àyè wá yọ̀ǹda kí a wọlé.

Pálọ̀ náà mọ́. Ajẹ́ntì ti jẹ́ kí wọ́n kùn ún ní àwọ̀ wàrà, òórùn ọ̀dà ṣì wà níbẹ̀. Ìyàwó ń sọ ibi tí yóò gbé tẹlifíṣàn sí, àwọ̀ tí yóò fi rọ́pò wàrà yẹn, irú POP tí yóò ṣe sí sílíǹgì. Bàbá ní “ó dára, ìyàwó wa,” ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn ti gbé wọn lọ síbi ògiri tó fẹ̀yìn kan balùwẹ̀. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Níbi tó ga tó èjìká, ọ̀dà ti wú lórí ìrẹ́. Wọ́n fi ẹnu ọ̀bẹ kan ibẹ̀, ó sì ṣí wálẹ̀ fẹ̀lẹ̀fẹ̀lẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni ọ̀dà mìíràn, abẹ́ ìyẹn ni ọ̀dà ọlọ́ràá aláwọ̀ ewé, abẹ́ gbogbo rẹ̀ sì ni ìyẹ̀fun funfun kan tó ń rọ̀ sílẹ̀.

Iyọ̀ ni ìyẹ̀fun náà. Omi tó ń gba inú ògiri kọjá ló ń yọ́ iyọ̀ inú símẹ́ǹtì àti yanrìn. Bí omi bá dé ojú ògiri, yóò gbẹ, yóò sì fi iyọ̀ sílẹ̀. Iyọ̀ yìí ló ń ti ọ̀dà kúrò. Kò sí ọ̀dà tó lè dúró lórí rẹ̀, bó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó, èyí tí ó bá sì le jù, tí kì í jẹ́ kí ògiri mí, ló tún burú jù, nítorí ńṣe ló ń sé omi mọ́ inú.

“Ṣé kì í ṣe ooru ilé ni, sà?” ni ìyàwó béèrè. “Àwọn tó lọ máa ń sá aṣọ sínú ilé, ajẹ́ntì ló sọ bẹ́ẹ̀.”

Ìbéèrè tó dára ni, nítorí afẹ́fẹ́ tó lómi máa ń bu ògiri lóòótọ́, pàápàá nínú yàrá tí wọn kì í ṣí fèrèsé rẹ̀. Ọ̀nà kan wà tí a lè fi mọ̀ ọ́n láìná kọ́bọ̀. Ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ gaara, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yíká kí afẹ́fẹ́ má wọ abẹ́ rẹ̀, kó sùn mọ́jú síbẹ̀, ká má kánjú ṣí i. Bí omi bá sẹ́ sí ẹ̀yìn ọ̀rá, láàárín òun àti ògiri, inú ògiri ló ti ń wá. Bó bá jẹ́ iwájú rẹ̀ ló tutù, inú yàrá ni omi wà. Ẹ máa ṣí fèrèsé, ẹ gbé aṣọ tútù síta. Ìyàwó ti ṣe é ṣáájú ọjọ́ náà, bàbá ló ní kó ṣe é. Ẹ̀yìn ọ̀rá ló tutù. Fúláàtì náà kò sì sí nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí a ó fi sọ pé láti inú ilẹ̀ ni omi ti ń gòkè.

Sílíǹgì rẹ nínú fúláàtì, ilẹ̀ tí ẹlòmíràn ń tẹ̀ ni. A gun òkè.

Màmá tó ń gbé òkè, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ṣílẹ̀kùn fún wa tìfura-tìfura. Ìyàwó kúnlẹ̀. “Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ má bínú mà, èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìsàlẹ̀ yín. Omi ló ń jò wálẹ̀, a fẹ́ bẹ̀ yín kí bàbá lè bá wa wo balùwẹ̀.”

“Omi?” ni màmá dáhùn. “Ó pẹ́ tí mo ti wà ńbí. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ kí o tó dé kò bá mi sọ ọ́ rí.”

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Kò lè bá yín sọ ọ́, mà. Ọ̀dà ló fi ń bò ó.”

Ọ̀rọ̀ yẹn tu màmá lára, wọ́n sì ní kí a wọlé. Púlọ́ńbà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló gba iṣẹ́ níbẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wo bó ṣe wá ìdí jíjò, torí ibí yìí ni ọ̀pọ̀ owó àwọn ayálégbé ń gbà lọ. Wọn a fọ́ táìsì kí wọ́n tó mọ ibi tí omi ti ń wá.

Kò fọ́ nǹkan kan. Ó kọ́kọ́ ṣí ìdérí táńkì kékeré tó wà lẹ́yìn àwo ìgbọ̀nsẹ̀, ó sì po búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun sínú omi rẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fa omi. Bí àwọ̀ búlúù bá wá yọ nínú àwo láìjẹ́ pé ẹnì kan fa á, rọ́bà inú táńkì ti jẹ nìyẹn, omi ń ṣòfò tọ̀sántòru. Àwọ̀ kankan kò yọ. Ó wá ti fááfù tó ń gbé omi wọ táńkì orí òrùlé, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí ẹnu ẹ̀rọ kankan, ó fàmì sí ibi tí omi dé nínú táńkì náà, ó dúró. Omi táńkì kò lọ sílẹ̀. Páìpù tó ń gbé omi mímọ́ wọlé kọ́ ló ń jò, nígbà náà.

“Àǹtí,” ó kọjú sí ìyàwó, “ìgbà wo ni ògiri yín máa ń tutù jù?”

“Ní àárọ̀. Bí wọ́n bá ti wẹ̀ lókè, kò ní pẹ́.”

Ó mú àkísà, ó dí ojú ihò ilẹ̀ balùwẹ̀ pa, ó sì da omi sílẹ̀ títí ó fi ga tó ìbú ìka méjì. A sọ̀ kalẹ̀ lọ dúró. Màmá ní kí wọ́n gbé àga fún bàbá. Kò tó wákàtí kan tí igun sílíǹgì balùwẹ̀ ìsàlẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, ẹ̀kán omi àkọ́kọ́ sì bọ́. Bó ṣe jẹ́ pé ihò ilẹ̀ ti di dídí, páìpù ìdọ̀tí kò mọ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ilẹ̀ gan-an ló ń jò.

A padà gun òkè. Bàbá wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń fi ẹ̀yìn sìkurudíráfà lu táìsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá jókòó dáadáa ń dún le. Èyí tí abẹ́ rẹ̀ ṣófo ń dún wóhùn-wóhùn, ìdajì ilẹ̀ balùwẹ̀ náà ló sì ń dún bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ àkísà tí omi ń lọ, omi igun ẹ̀yìn kò lọ. Ibẹ̀ ló dúró sí. Ẹni tó tẹ́ táìsì náà tẹ́ ẹ gún régé, ó tẹ́jú, ó rẹwà, ó sì gbàgbé pé omi gbọ́dọ̀ rí ibi gbà. Ilẹ̀ balùwẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ́jú. Fún mítà kan tí a bá rìn lọ síbi ihò, kí ilẹ̀ rẹlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ sí méjì.

Àtúnṣe tí bàbá sọ gùn, kò sì sí èyí tí a lè yọ nínú rẹ̀. Kí wọ́n kó gbogbo táìsì ilẹ̀ kúrò. Kí wọ́n tún ilẹ̀ rọ pẹ̀lú ìrẹlẹ̀ tí mo sọ yẹn, kó gbẹ. Kí wọ́n kun kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí omi kọjá lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹlẹ́ẹ̀kejì dábùú èkíní, kí wọ́n lẹ aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà fún un mọ́ gbogbo igun, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń ya. Kí kẹ́míkà náà gun ara ògiri sókè tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, kó sì ga kọjá orí èèyàn níbi tí ṣáwà ń dà sí. Lẹ́yìn náà kí wọ́n tún dí ihò, kí wọ́n da omi sí i, kó wà níbẹ̀ fún wákàtí 24. Bí sílíǹgì ìsàlẹ̀ bá gbẹ, kí oní-táìsì wá. Àwọn oní-táìsì kì í fẹ́ wákàtí 24 yìí rárá. Wọn a ní àwọn ti ń ṣe é láti ọdún gbọọrọ, kò sí tẹ́ẹ̀sì tó kàn án. Ẹ má gbọ́ tiwọn.

Ẹnì kan á ní ṣé símẹ́ǹtì funfun tí wọ́n máa ń fi dí àlàfo táìsì kò tó ni? Ó lè jẹ́ kí omi dákẹ́ fún oṣù díẹ̀. Ajẹ́ntì fẹ́ràn rẹ̀, torí oṣù díẹ̀ náà ló nílò.

Ọ̀rọ̀ owó wá délẹ̀. Onílé tòkè yàtọ̀ sí onílé tìsàlẹ̀, ọ̀pọ̀ fúláàtì FESTAC ló rí bẹ́ẹ̀. Màmá ní bí àwọn ṣe bá táìsì náà nìyẹn, òótọ́ sì ni. Ìyàwó ní òun kò lè fi owó òun tún balùwẹ̀ tí òun kì í wẹ̀ ṣe, òótọ́ náà ni. Lójú tèmi, onílé òkè ló ni gbèsè náà, torí ilé rẹ̀ ló ń ba ti ẹlòmíràn jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun yóò dúró títí onílé yẹn yóò fi san gbogbo rẹ̀ ni sílíǹgì yóò já lé lórí. Wọ́n fi fóònù ya fídíò ẹ̀kán omi náà, wọ́n fi ránṣẹ́ sí onílé méjèèjì lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rí tó ń kán tótó máa ń ṣe ohun tí àròyé kò lè ṣe.

Ní ìsàlẹ̀, púlọ́ńbà ṣí ẹnu ẹ̀rọ ilé ìdáná. Omi pupa ló kọ́kọ́ jáde, kó tó mọ́. Àwọn páìpù irin àtijọ́ ṣì wà nínú ògiri. Ó fi ayùn irin gé èyí tó wà lábẹ́ síńkì, ó gbé e fún mi: ìpẹtà ti dí inú rẹ̀ débi pé pẹ́ńsù kò lè gbà á kọjá. Ìdí tí omi fi ń lọ́ra nìyẹn. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ ìfami torí rẹ̀, owó lásán ló ná, ẹ̀rọ náà yóò sì fọ́ ibi tí irin ti jẹ jù.

PPR ni wọ́n ń fi rọ́pò rẹ̀ lóde òní, páìpù tí wọ́n ń fi iná jó pọ̀. Irin tí wọ́n fi ń jó o yóò gbóná tó nǹkan bí 260 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ̀sì, wọ́n á ti páìpù àti ojúgbà rẹ̀ bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá bíi márùn-ún fún páìpù kékeré, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á ti ọ̀kan bọ ìkejì tààrà. Tààrà, kì í ṣe pé kí wọ́n máa yí i. Ẹ dúró ti púlọ́ńbà yín, kí ẹ wò ó: èyí tó bá ń yí i ń fa ibi tí yóò jò lọ́la, èyí tó bá jẹ́ kó pẹ́ jù lórí iná ń jẹ́ kí rọ́bà yọ́ wọ inú, kó dí ojú omi. Kí bàbá tó fi símẹ́ǹtì bo páìpù kankan, kí omi ti sùn mọ́jú nínú rẹ̀. Kí ẹ sì ya fọ́tò gbogbo ògiri náà nígbà tí páìpù ṣì wà ní gbangba, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ kan ìṣó gbé fọ́tò ìgbéyàwó kọ́, ẹ ó rántí mi. Ohun kan tún wà tí a kì í sábà rí nínú àwọn fúláàtì wa, tó sì yẹ kó wà: fááfù tó jẹ́ ti fúláàtì kọ̀ọ̀kan, níbi tí ọwọ́ ti lè tó o, kí ẹni tí páìpù rẹ̀ bẹ́ lóru má bàa sáré kiri máa wá ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ táńkì.

Oníná dé lẹ́yìn ọ̀sán. Ó pa iná láti orí brékà, ó fi tẹ́sítà kan wáyà, ó tún fi kan ibòmíràn tó mọ̀ pé iná wà kó lè dá a lójú pé tẹ́sítà náà kò kú. Inú mi dùn sí i lójú ẹsẹ̀. Oníná tó bá ń fi ìka kan wáyà láti fi hàn pé òun gbójú, ẹ san owó ọkọ̀ rẹ̀ kó máa lọ.

Ó ṣí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń lo ẹ̀rọ amúlétutù. Wáyà tó wà níbẹ̀ ni ti gílóòbù, 1.5, rọ́bà rẹ̀ sì ti yọ́. Wáyà iná gílóòbù ni 1.5 jẹ́, sọ́kẹ́ẹ̀tì ń fẹ́ 2.5, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ 4, sítóòfù oníná tó tóbi yóò sì béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ló dé tí brékà kò fi já kí rọ́bà tó yọ́? Ẹnì kan ti yọ brékà kékeré, ó ti fi ńlá sí i. Èyí kékeré máa ń já fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀, ó sì ń bí wọn nínú. Brékà ni ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ wáyà. Bí wáyà bá tẹ́ẹ́rẹ́, kí brékà kéré. Bó bá ń já, ohun tó ń pè é ni kí ẹ wá, ẹ má fi ọlọ́dẹ tó sùn rọ́pò rẹ̀.

Nínú àpótí brékà náà ni wọ́n ti da wáyà ayé àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí pọ̀. Láyé àtijọ́, pupa ló ń gbé iná, dúdú ló ń dá a padà, àwọ̀ ewé ni ti ilẹ̀. Nísinsìnyí, àwọ̀ igi ló ń gbé e, búlúù ló ń dá a padà, àwọ̀ ewé tó ní ìlà yẹ́lò ni ti ilẹ̀. Níbi tí iná mẹ́ta bá wọ ilé, dúdú tuntun lè gbé iná gidi. Ẹni tó bá fi ojú àtijọ́ wo dúdú tuntun lè kú. Mo bẹ oníná náà kó fi tépù kọ orúkọ sí wáyà kọ̀ọ̀kan kó tó pa àpótí dé, ó sì ṣe é.

Wáyà ilẹ̀ kò dé balùwẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ìyàwó fẹ́ gbé ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná síbẹ̀. Oníná kọ̀. Ó ní òun yóò kọ́kọ́ fa wáyà ilẹ̀ débẹ̀, kí òun sì fi irú brékà tó ń já bí iná bá jò díẹ̀ sí ara èèyàn sí i, èyí tí wọ́n kọ 30mA sí lára. Owó rẹ̀ ju ti brékà lásán lọ. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun ni mo sọ fún ìyàwó pé kò gbọdọ̀ yọ kúrò. Jẹnẹrétọ̀ tó ti fẹ́ gbé sí bákónì ńkọ́? Rárá. Èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ tí kò lóòórùn, tó ń pa odindi ìdílé sójú oorun. Ìsàlẹ̀ ni kó wà, jìnnà sí fèrèsé gbogbo èèyàn.

Sílíǹgì ló fa àríyànjiyàn tó gùn jù. Ìyàwó fẹ́ kí wọ́n fọ́ páálí àtijọ́ náà dànù kí wọ́n ṣe POP. Àwọn páálí eérú-eérú tó le, tí wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ mú igun wọn, ni mo rí, irú èyí tí wọ́n ń lò káàkiri Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1970, asbestos sì wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Bí wọn kò bá fọ́, tí ọ̀dà bò wọ́n, wọn kì í ṣe nǹkan kan. Bí ayùn, dírílì tàbí òòlù bá kàn wọ́n, okùn wọn tí ojú kò lè rí yóò bọ́ sínú afẹ́fẹ́, yóò wọ ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn tó ń fà sì lè sùn fún 20 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó jí. Ọmọṣẹ́ bàbá ti gbé òòlù. Bàbá fúnra wọn kò mọ̀, wọ́n ní àwọn ti fọ́ ọ̀pọ̀ rẹ̀ láyé àwọn. Ojú wọn yí padà nígbà tí mo ṣàlàyé. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé kí wọ́n kan férémù tuntun sí ara ògiri lábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n so POP mọ́ ọn, kí èyí àtijọ́ wà lókè láìfọwọ́kàn. Níbi tó ti já nínú balùwẹ̀, kí wọ́n rẹ ẹ́ lómi, kí wọ́n yọ ọ́ lódindi, kí wọ́n dì í sínú ọ̀rá tó nípọn, kí wọ́n fi àkísà tútù nu ilẹ̀. Kí wọ́n má gbá a, kí wọ́n má sun ún, kí ọmọdé má sí níbẹ̀. Aṣọ tí a fi bo imú kò tó.

Ilé ìdáná kò gba àkókò: kí sílíńdà gáàsì bọ́ síta, kí okùn rẹ̀ di tuntun. Ṣùgbọ́n ìyàwó tún fẹ́ kí wọ́n wó ògiri tó wà láàárín ilé ìdáná àti pálọ̀, kí ó lè rí bí èyí tó rí nínú fóònù. Bàbá lu ògiri náà, wọ́n wo bíìmù tó wà lókè rẹ̀, wọ́n mi orí. Ilé mìíràn wà lórí ògiri náà. Kò sí bíríkìlà tó lè fi ìkúùkù lu ògiri kó mọ̀ bóyá ó ń gbé nǹkan. Ẹnjiníà ló ń sọ ọ́, àjọ tó ń bójú tó ilé kíkọ́ ní Èkó, LASBCA, sì gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i. Ìyàwó ní òun yóò lo ilẹ̀kùn ibẹ̀ bó ṣe wà.

Nípa ọjà rírà, ẹ ra nǹkan yín fúnra yín bí ẹ bá ráyè. Ọjà Odúnadé ní Orílé wà fún táìsì àti páìpù, Alábà kò sì jìnnà sí FESTAC fún wáyà. Kí oníṣẹ́ bá yín lọ, kó mú nǹkan, kí ẹ̀yin san owó. Ẹ fọwọ́ tẹ àpò símẹ́ǹtì kí ẹ tó gbé e: èyí tó bá ti ní kókó nínú ti gba omi. Ẹ má san gbogbo owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, díẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ẹ̀sì, ìyókù lẹ́yìn tí ẹ ti lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ kì í bínú sí èyí, bàbá tìkára wọn ló dá a lábàá.

Ọ̀dà? Kí ògiri tí wọ́n tún rẹ́ gbẹ fún oṣù kan ná. Kí wọ́n ha iyọ̀, kí wọ́n fọ ibi tó bu pẹ̀lú omi bílíìṣì, kó gbẹ, kí wọ́n tó kan búrọ́ọ̀ṣì. Ọ̀dà ọlọ́ràá àtijọ́ ara fèrèsé lè ní òjé nínú, nítorí náà kí wọ́n fi omi ha á, eruku rẹ̀ kò dára fún ọmọdé.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, òun ni mo sì fẹ́ kí ayálégbé mú lọ ju gbogbo èyí tí mo ti ń sọ bọ̀. Òfin ilé gbígbé ti ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011, tí kò kan Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island, ní ayálégbé kò gbọdọ̀ yí ilé padà tàbí fi nǹkan kún un láìjẹ́ pé onílé fọwọ́ sí i lórí ìwé. Òfin kan náà ní bí onílé bá ti fọwọ́ sí i lórí ìwé, tí ayálégbé ṣe àtúnṣe tó mú ilé dára sí i, tí onílé sì wá ní kó kó jáde, ayálégbé lè béèrè owó rẹ̀ nígbà tó bá ń lọ. Ìlérí orí fóònù kò tó. “Ṣe é ná, a ó jọ yọ ọ́ nínú owó ilé” kò tó. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ to iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe àti iye owó rẹ̀ sínú rẹ̀, ẹ so fọ́tò mọ́ ọn, kí onílé fọwọ́ sí ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ yín. Kí ìwé yẹn tó dé, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òòlù.